Bí ẹ ṣe lè tún nọ́kù iwájú Land Cruiser 80 ṣe nínú ọgbà yín, kí ọ́ìlì tó ń jò níbẹ̀ lè dáwọ́ dúró

Bí ẹ bá ní Land Cruiser 80, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1990 sí 1997, ẹ ó mọ ìṣòro nọ́kù, irin ńlá tó di táyà iwájú mú tó sì ń bá a yà sọ́tùn-ún sósì, dáadáa. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú táyà iwájú, ẹ rí i pé rímù ti tutù fún ọ́ìlì dúdú. Mẹkáníìkì ní ọ́ìlì síìlì ni. Ẹ ra síìlì, ó pààrọ̀ rẹ̀, oṣù mẹ́ta kò pé tí ọ́ìlì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n pààrọ̀ síìlì ẹ̀gbẹ́ òsì tèmi kí n tó ra jáàkì tí mo sì ṣe é fúnra mi nínú ọgbà wa ní Ṣúrúlérè.

Síìlì kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ohun mẹ́ta ló ń pa á. Èkíní, páìpù tí axle (irin ńlá tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀) fi ń mí ti dí: bí ọkọ̀ bá rìn, inú axle á gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á wú, kò sì níbi tí yóò gbà jáde ju ẹnu síìlì lọ. Èkejì, bẹ́árìn nọ́kù ti jẹ, nítorí náà ọ̀pá tó ń yí táyà kò dúró láàárín mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan síìlì ló ń tẹ̀. Ẹ̀kẹta, síìlì àtijọ́ ti gbẹ́ ojú ọ̀pá yẹn di kòtò. Ẹni tó bá pààrọ̀ síìlì nìkan, tí kò wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi láìdí ihò.

Àwọn ìwọ̀n tí mo kọ síhìn-ín, ti 80 ni wọ́n. Hilux àtijọ́ tí axle iwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo láti táyà dé táyà, àti Land Cruiser 60 àti 70, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ wá ìwọ̀n tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ra irú axle yìí ní tòkunbọ̀ kí ẹ lè gbé e sábẹ́ jíìpù mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí axle ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú bẹ́árìn tí ẹ kò fojú rí.

Ohun tí ẹ nílò

Fún ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ra:

- ọ́ìlì síìlì inú axle, ọ̀kan
- bẹ́árìn nọ́kù méjì pẹ̀lú ife wọn (òrùka irin tí bẹ́árìn ń jókòó sí)
- bẹ́árìn họ́bù (ibi tí a ń de táyà mọ́) méjì, ńlá àti kékeré, pẹ̀lú ife wọn, àti síìlì họ́bù
- àwọn tó ń nu ojú bọ́ọ̀lù axle (orí róbótó tó wà lẹ́nu axle): fẹ́ẹ̀lìtì, rọ́bà, àti irin tó dè wọ́n mọ́lẹ̀
- wáṣà olétí, snap ring (òrùka irin tó lanu), gásíkẹ́ẹ̀tì sípíńdù (páìpù irin tí họ́bù ń yí lé lórí) àti ti fúláǹjì (irin pẹrẹsẹ tó so ọ̀pá mọ́ họ́bù), cotter pin tuntun

Fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: gíríìsì dúdú tó ní molybdenum nínú, nọ́ńbà 2, bíi kílò méjì àbọ̀, ọ́ìlì gíà GL-5 80W-90, lítà mẹ́ta, àti rọ́bà páìpù tó gùn tó mítà kan àbọ̀.

Ládípò ní Mushin ni mo ti ra tèmi. Ẹ mú bẹ́árìn àtijọ́ dání lọ, kódà bó ti jẹ. Ẹ fi èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára bẹ́árìn àti èyí tí wọ́n fín sára ife rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, kí ó má ṣe rí bí ohun tí wọ́n fi ìka kọ. Ẹ yí i létí yín: ojúlówó kì í dún wàràwàrà. Koyo, NSK tàbí NTN ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì máa fura sí páálí tó tuntun jù tí owó rẹ̀ sì kéré jù. Ẹ lè ná gbogbo nǹkan yòókù dé ibi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi síìlì inú axle du owó. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ní olówó pọ́ọ́kú àti olówó ńlá, olówó ńlá ni kí ẹ mú.

Irinṣẹ́: jáàkì tọ́ọ̀nù mẹ́ta, dúrósinsin onírin (jack stand) méjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì 54mm, sípánà láti 10 dé 22, sípánà tọ́ọ̀kì (èyí tó ń fi Nm wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó), ọ̀pá idẹ, òòlù, ohun ìyọ snap ring, ohun ìyọ tie rod (ọ̀pá tó so nọ́kù méjèèjì pọ̀), àti ìwọ̀n oníkọ́ tí àwọn tó ń rìnrìn àjò fi ń wọn báàgì kí wọ́n tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì gan-an, ẹ ó rí i níwájú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 54mm náà, ẹ má fò ó dá. Bí ẹ kò bá rí i rà, àwọn tó ń jó irin ní Owódé Onírin lè fi páìpù líle ṣe é fún yín.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe parí. Ẹ má tú ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí òun ni àwòrán tí ẹ ó máa wò bí nǹkan bá rú yín lójú. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, kó ya ọjọ́ méjì gbáko sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kan, kó má sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò ti ṣú.

1. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe é kí ẹ tó tú u

Lórí nọ́kù, níbi tó yípo bọ́ọ̀lù ńlá yẹn, bóòtù onígun mẹ́rin kan wà lókè. Ẹ tú u. Ẹ ti ìka yín bọ̀ ọ́. Gíríìsì dúdú tó ki ló yẹ kó lẹ̀ mọ́ ìka. Bí ohun tó jáde bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, síìlì inú ti lọ, ọ́ìlì gíà ti bá gíríìsì pò. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá sì rí bíi ti tíì oníwàrà, omi ti wọlé. Tèmi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ́yìn òjò oṣù keje kan tí mo fi ọkọ̀ la àgbàrá kọjá ní Lẹ́kkí, tí omi dé àárín táyà. Axle tó gbóná bọ́ sínú omi tútù, atẹ́gùn inú rẹ̀ súnkì, páìpù ìmí sì ti dí, nítorí náà ẹnu síìlì ló ti fa omi mu.

Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀. Ẹ di í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ẹ tún mì í. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìn họ́bù ló jẹ. Bó bá ṣì ń mì, bẹ́árìn nọ́kù ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá páìpù ìmí lórí axle, ẹ yọ rọ́bà rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ. Tèmi kò gba atẹ́gùn rárá. Ẹrẹ̀ tó gbẹ ló kún inú rẹ̀. Síìlì mẹ́ta ni mo ti ra kí n tó mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé gíríìsì díẹ̀ ló kàn lẹ̀ mọ́ ojú bọ́ọ̀lù, tí kò ṣàn, kò sí wàhálà níbẹ̀. Bó ṣe ń rí nìyẹn.

2. Ẹ gbé e dúró

Ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú ni kí ẹ lò. Tí ilẹ̀ ọgbà yín bá jẹ́ yanrìn, ẹ wá páákó tó nípọn sábẹ́ dúrósinsin. Ẹ dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì táyà nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó gbé e, kí ẹ sì fi dúrósinsin sábẹ́ ọ̀pá axle ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹ MÁ ṢE fi bíríkì tàbí búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ yìí dúró. Ó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Mo ti rí búlọ́ọ̀kù tó fọ́ sí méjì lábẹ́ ọkọ̀ tó kéré sí i, ọlọ́run ló yọ ọmọ iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ fi èjìká ti ọkọ̀ náà pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Bó bá mì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tún un tò.

3. Ẹ da ọ́ìlì dífù nù

Bóòtù tí a fi ń da ọ́ìlì sínú dífù (ilé gíà tó wà lára axle) ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó tú èyí tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn da ọ́ìlì nù tán kí wọ́n tó rí i pé èyí tó wà lókè ti ipata pa, kò sì ṣí. Ọkọ̀ á wá wà níbẹ̀ láìní ọ́ìlì, kò ṣeé gbé lọ síbì kankan.

Àyẹ̀wò: ẹ wo ọ́ìlì náà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bó bá funfun bí omi ògì, omi ti dé dífù, nítorí náà ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá ti ń wà á.

4. Ẹ tú họ́bù

Ẹ yọ kálípà (ohun tó ń fún dísìkì bíréèkì), ẹ fi wáyà so ó mọ́ sípíríǹgì. Kó má fi rọ́bà bíréèkì rọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní ABS, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kí ẹ so òun náà sókè.

Ẹ yọ ìdérí kékeré tó wà láàárín họ́bù, ẹ yọ snap ring, ẹ wá tú àwọn nọ́ọ̀tì fúláǹjì. Ibí yìí ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Lábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni wáṣà ṣóńṣó kan wà tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó há mọ́ inú ihò rẹ̀ pinpin, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbé e. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì títí yóò fi bá orí bóòtù dọ́gba, kí ẹ wá fi ọ̀pá idẹ àti òòlù lu fúláǹjì yíká bóòtù, kí ẹ sì lu orí bóòtù náà díẹ̀. Wáṣà á fò jáde fúnra rẹ̀. Ẹ kà wọ́n, ẹ kó wọn sínú ike kan. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ sọnù.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀tì ńlá méjì tí wáṣà olétí wà láàárín wọn. Ẹ tẹ́ etí wáṣà náà padà, kí ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 54mm tú nọ́ọ̀tì. Mo mọ̀ pé ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lò. Bí ẹ bá rí i pé etí nọ́ọ̀tì yín ti já, tó rí bí ibi tí eku jẹ, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wọn bí bẹ́árìn yín ṣe le tó rí látìgbà tí wọ́n ti ń tú u.

Ẹ fa họ́bù jáde, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gba bẹ́árìn kékeré tó ṣáájú jáde, kó má bọ́ sínú yanrìn.

5. Ẹ yọ sípíńdù àti ọ̀pá, kí ẹ sì tú nọ́kù

Ẹ tú bóòtù sípíńdù, ẹ fi idẹ lù ú yíká títí yóò fi dẹ̀. Gíríìsì àti ọ́ìlì á dà. Ẹ ti gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Orí CV (oríkèé tó ń jẹ́ kí ọ̀pá máa yí bí táyà bá yà) tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà ní ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ yí i títí ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ kan yóò fi kọjú sókè kí ẹ tó fà á. Bí ẹ kò bá yí i bẹ́ẹ̀, yóò há, ẹ ó sì máa lù ú lásán.

Ẹ yọ tie rod. Ẹ tú irin tó de fẹ́ẹ̀lìtì àti rọ́bà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kí ẹ ya fọ́tò bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa padà. Níkẹyìn, ẹ tú apá ìdarí (èyí tó ń bá sítíárìn yí nọ́kù) àti ìdérí bẹ́árìn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n ní wáṣà ṣóńṣó tiwọn. Ọ̀nà kan náà ni ẹ ó fi yọ wọ́n.

Lábẹ́ wọn ni ẹ ó ti rí ṣíìmù, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ẹ má pa ti òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ sára rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń pinnu bóyá nọ́kù wà láàárín gbùngbùn. Bí ẹ bá pààrọ̀ àyè wọn, ọ̀pá á tẹ̀ sí apá kan, síìlì tuntun á tún kú.

6. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá wò ó dáadáa

Dísẹ́ẹ̀lì tàbí kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi pẹtiróòlù fọ irin nítòsí jẹnẹrétọ̀ dákun jáwọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ títí àkísà funfun tí ẹ bá fi nù ún kò fi ní dúdú mọ́. Ìgbà tó bá mọ́ nìkan lẹ tó lè rí nǹkan.

Ẹ wo ife bẹ́árìn nọ́kù. Ẹ fi èékánná yí inú rẹ̀ ká. Tèmi ní ilà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ilà ojú, níbi tí bẹ́árìn ti ń lu ibì kan ṣoṣo láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ohun tó fà á tí sítíárìn fi ń gbọ̀n bí mo bá ti tẹ kòtò kékeré nìyẹn. Ilà kan ṣoṣo ti tó kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo ojú ọ̀pá níbi tí síìlì ti ń jókòó. Ẹ fi èékánná fà á láti ọ̀tún sí òsì. Bí èékánná bá kọsẹ̀, kòtò wà níbẹ̀. Kòtò fẹ́lẹ́ lẹ lè yẹ̀ sílẹ̀ nípa títi síìlì tuntun wọlé díẹ̀ kọjá ojú àtijọ́, kí ẹnu rẹ̀ lè bọ́ sí ibi tó dán. Kòtò tó jìn, ọ̀pá mìíràn ni. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí irin fún mi ní Owódé wò ó, ó ní, "Bọ̀dá, má wulẹ̀ jẹ́ kí n bá ọ lẹ́ irin mọ́ ọn. Á dán lónìí, á sì ṣí lọ́la. Lọ wá ọ̀pá." Mo gbà fún un, mo rí ọ̀pá tòkunbọ̀ kan, n kò sì kábàámọ̀.

CV náà: ẹ yí i, ẹ wo gbogbo ìta rẹ̀ bóyá ó ti là. Bó bá ti là, kò ṣeé lò.

7. Ife tuntun àti síìlì

Ẹ fi idẹ lu ife àtijọ́ jáde láti inú. Ẹ fi ife tuntun sínú fírísà fún wákàtí kan kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ sì fi ife àtijọ́ lé e lórí lù ú, kí òòlù má kan tuntun.

Àyẹ̀wò: dídún òòlù á yí padà. Nígbà tó ṣì ń wọlé, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Bó bá ti jókòó, á dún gan-an bí agogo. Ẹ tún wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì bóyá àyè kankan ṣẹ́kù lábẹ́ rẹ̀.

Síìlì: ẹ̀gbẹ́ tó ní sípíríǹgì kékeré ló ń kọjú sí ọ́ìlì, ìyẹn sí dífù. Ẹ fi gíríìsì kún ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi igi pẹrẹsẹ lù ú díẹ̀díẹ̀ yíká, kí ó má ṣe wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáájú èkejì. Bó bá tẹ̀ nígbà tí ẹ ń lù ú, ẹ má ṣe nà án padà, ẹ ra òmíràn. Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn.

8. Nọ́kù padà, kí ẹ sì wọn ọ́n

Ẹ kọ́kọ́ gbé irin, rọ́bà àti fẹ́ẹ̀lìtì kọjá sórí bọ́ọ̀lù bí fọ́tò yín ṣe fi hàn. Bí ẹ bá gbàgbé wọn, ẹ ó tún nọ́kù tú. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì so wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ fi gíríìsì kún bẹ́árìn méjèèjì, ẹ gbé wọn sínú ife, ẹ gbé nọ́kù sí àyè rẹ̀, kí ẹ dá ṣíìmù òkè sókè, ti ìsàlẹ̀ sísàlẹ̀. Ó rọrùn bí ẹnì kan bá ń bá yín dì í mú.

Bóòtù apá ìdarí gbọ́dọ̀ gbẹ kó sì mọ́. Gíríìsì kankan kò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Wáṣà ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ padà. Ẹ fi sípánà tọ́ọ̀kì mú nọ́ọ̀tì wọn dé 96 Nm. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí ló ń pa èèyàn. Nígbà tí mo tú ẹ̀gbẹ́ òsì tèmi, ìka lásán ni mo fi tú méjì nínú àwọn nọ́ọ̀tì apá ìdarí. Wáṣà ṣóńṣó méjì ni kò sí níbẹ̀ rárá. Ṣọ́ọ̀bù tó pààrọ̀ síìlì kẹ́yìn ló sọ wọ́n nù, wọ́n sì fi gíríìsì pa bóòtù lára. Èmi àti àwọn ọmọ mi sì ti fi ọkọ̀ yẹn gba orí Third Mainland Bridge kọjá kò mọye ìgbà. Apá yìí ló so sítíárìn mọ́ táyà. Bóòtù rẹ̀ bá já, ẹ lè yí sítíárìn títí, táyà kò ní gbọ́.

Nísinsìnyí, ìwọ̀n báàgì. Nọ́kù nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀pá, a kò sì tíì de fẹ́ẹ̀lìtì. Ẹ fi ìkọ́ ìwọ̀n sínú ihò tí tie rod ń wọ̀, kí ẹ fa nọ́kù jẹ́jẹ́ kó máa yí. Nọ́ńbà tó bá hàn nígbà tó ń lọ gbọ́dọ̀ wà láàárín kílò 3 sí 6. Bó bá kéré jù, ẹ yọ ṣíìmù fẹ́lẹ́ kan. Bó bá pọ̀ jù, ẹ fi ọ̀kan kún un. Ẹ má sọ pé ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Mo fi ọwọ́ wọn tèmi, mo rò pé ó dára, ìwọ̀n sì fi kílò kan ṣoṣo hàn mí.

Àyẹ̀wò: ẹ di nọ́kù mú, ẹ fà á sókè, ẹ tì í sísàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá so fẹ́ẹ̀lìtì àti rọ́bà mọ́lẹ̀.

9. Ọ̀pá, sípíńdù, họ́bù

Ẹ fi ìka ti gíríìsì molybdenum wọ inú CV títí yóò fi máa jáde lódì kejì. Ẹ gbé ọ̀pá wọlé pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ sókè, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ìwúwo rẹ̀, nítorí eyín orí ọ̀pá lè fa ẹnu síìlì tuntun ya lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára tì í wọlé níbí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ọjọ́ méjì jẹ́. Bí ọ̀pá bá kan dífù tí kò wọlé, ẹ yí i díẹ̀ títí eyín rẹ̀ yóò fi bá ti inú mu.

Ẹ fi gíríìsì kún inú nọ́kù dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kí ẹ má kún un dé ẹnu; gíríìsì tó bá gbóná náà ń wú.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, sípíńdù, bóòtù rẹ̀ ní 47 Nm. Bẹ́árìn họ́bù: ẹ bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ máa fi etí bẹ́árìn gé e títí gíríìsì á fi yọ láàárín àwọn rọ́là lódì kejì. Lẹ́yìn tí họ́bù bá wọlé, ẹ mú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ dé 59 Nm, ẹ yí họ́bù sọ́tùn-ún sósì lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ tún mú un dé 5.4 Nm péré. Ẹ wá fi ìwọ̀n báàgì kọ́ bóòtù táyà kan, ẹ fà á. Láàárín kílò 2.9 sí 5.7 ló yẹ kó wà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí kò bá tó, ẹ mú nọ́ọ̀tì náà le díẹ̀ sí i. Wáṣà olétí, nọ́ọ̀tì kejì ní 64 Nm, kí ẹ tún wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí nọ́ọ̀tì kejì máa ń ti èkíní le. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tẹ etí wáṣà, ọ̀kan sínú, ọ̀kan síta.

Fúláǹjì, wáṣà ṣóńṣó, nọ́ọ̀tì ní 35 Nm. Bí snap ring kò bá rí àyè rẹ̀, ẹ yí bóòtù kan sí ihò tó wà lórí ọ̀pá, kí ẹ fi fa ọ̀pá síta. Kálípà ní 123 Nm. Tie rod, cotter pin tuntun.

10. Páìpù ìmí, ọ́ìlì, kí ẹ tó gbéra

Ẹ wẹ ihò ìmí lórí axle mọ́. Ẹ fi rọ́bà tuntun sí i, kí ẹ fà á gòkè dé inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, sí ibi tó ga jù tí ẹ bá rí, kí ẹ so ó mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé Lẹ́kkí, Àjàh tàbí Ìkòròdú, ẹ má fi èyí falẹ̀.

Ẹ da ọ́ìlì gíà sínú dífù lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú títí yóò fi máa kán lẹ́nu ihò.

Ẹ wà á ní àdúgbò yín ní àkọ́kọ́, kí ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá méjèèjì. Bó bá ń dún kà-kà-kà bí ẹ ti ń yí, CV ni. Lẹ́yìn náà ẹ rìn tó kílómítà mẹ́wàá láìtẹ bíréèkì jù, ẹ dúró, kí ẹ fi ọwọ́ kan àárín họ́bù méjèèjì. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí èyí tí ẹ ṣe, ẹ mú un le jù; ẹ padà sí ìpele 9 lọ́jọ́ náà gan-an, má ṣe dọ̀la.

Lẹ́yìn kílómítà 500, ẹ tún fi sípánà tọ́ọ̀kì kan gbogbo nọ́ọ̀tì apá ìdarí. Nígbà tí mo ṣe é, ọ̀kan tún yí díẹ̀ kó tó dé 96. Bí ẹ bá sì la àgbàrá tó dé àárín táyà kọjá, ẹ tú bóòtù onígun mẹ́rin yẹn lọ́jọ́ kejì, kí ẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Gíríìsì tó ki, tó dúdú, ni kí ẹ bá níbẹ̀.